Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Mú Olórí Ọ̀rẹ́ Ìyàwó àti Bẹ́sìmáànù

Tí ẹ bá ti ń múra ìgbéyàwó, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lẹ máa mú, ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tí kì í kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, orí ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n mú ta ni wọn ò mú ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pín ipò yìí bí ẹni ń pín ẹ̀bùn, wọ́n ti gbàgbé pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ gidi tó ní làálàá nínú.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn máa fi san gbèsè. Lágbájá mú mi nígbà tó ń ṣe tiẹ̀, ó ti di dandan kí n mú òun náà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lè má tiẹ̀ bára yín sọ̀rọ̀ mọ́ látọdún mélòó kan, síbẹ̀ torí kí inú má bàa bí i lẹ ṣe fẹ́ fà á wọ̀ ọ́, òun náà á sì gbà torí kí inú má bàa bí yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì á ṣe máa ṣe ohun tí kò wu ẹnì kankan nínú yín títí ọjọ́ á fi pé. Ẹ fún un níṣẹ́ míì tó níyì, kó ka ìwé lójú agbo, kó gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bákan náà ni àbúrò tí màmá ní ẹ gbọ́dọ̀ mú, tí wàhálà ẹ̀ bá máa pọ̀ ju ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ lọ, ẹ rọra ṣàlàyé fún màmá nísinsìnyí, ó sàn ju kí ẹ máa jà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àbí ẹ rò pé ó pọn dandan kẹ́ ẹ mú ẹnì kan ṣáá ni? Nígbà tí Prince Harry fẹ́ Meghan Markle ní oṣù karùn-ún 2018, William ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni bẹ́sìmáànù, ṣùgbọ́n ìyàwó ò ní olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó kankan, àwọn ọmọdé ló tẹ̀lé e wọlé, àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sún mọ́ra wọn, kò fẹ́ mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀. Kate ìyàwó William ní tiẹ̀, nígbà ìgbéyàwó wọn ní 2011, Pippa àbúrò ẹ̀ ló mú. Èyí tó wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó jẹ́ ọkùnrin ló sún mọ́ ọn jù, kó dúró tì í, kò sóhun tó ṣe é.

Àṣìṣe míì ni pé kẹ́ ẹ mú ọ̀rẹ́ tó ń pa yín lẹ́rìn-ín jù láìwo ìwà ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ní òun á dá aṣọ fún wa, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Ẹni tí kì í tètè débi kankan láyé ẹ̀, ṣé òun lẹ fẹ́ kó jí ọkọ ìyàwó, kó sì gbé e débẹ̀ lásìkò? Ẹni tó ń wá fóònù ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ fẹ́ fi òrùka sọ́wọ́ ẹ̀? (Òrùka náà, ẹ má so ojúlówó mọ́ pílò tí ọmọ kékeré ń gbé o. Ẹ so ayédèrú mọ́ ọn, kí ojúlówó wà lápò bẹ́sìmáànù.)

Ẹ tún máa ń gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Wọn ò mọ̀ ọ́n! Olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ń di òdòdó mú tí wọ́n bá fẹ́ fi òrùka síra wọn lọ́wọ́, òun ló ń tún ìdí gáùn ṣe, abẹ́rẹ́ òun òwú àti fóònù ìyàwó wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń lé àwọn tó fẹ́ wá da ìyàwó láàmú sẹ́yìn, tí gáùn bá tóbi, òun náà ló máa bá a gbé e ní ilé ìtọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bẹ́sìmáànù lè jẹ́ ẹni tó mú owó àwọn oníṣẹ́ dání kí ọkọ ìyàwó má bàa máa ka owó lọ́jọ́ ayọ̀ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n tó sọ pé àwọn gbà rárá, ẹ sọ owó tó máa ná wọn, aṣọ, bàtà, ọkọ̀, ibi tí wọ́n máa sùn, ta ló máa san èwo. Ẹ sì jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti ní àwọn ò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Bẹ́sìmáànù kì í ṣe ẹlẹ́rìí fúnra ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi ṣe é. England ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì, òfin ìjọ Kátólíìkì náà ń béèrè méjì, ní Scotland ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 16, torí náà àbúrò ọmọ ọdún 14 tẹ́ ẹ mú lè dúró tì yín dáadáa kó má sì lè sáìnì. Ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa so yín pọ̀.

Ẹni tó máa gbá máíìkì mú, ẹ bá a sọ ìṣẹ́jú mélòó, ẹ sọ fún un kó má dárúkọ àwọn tẹ́ ẹ ti fẹ́ sẹ́yìn. Ó yẹ kó ti mọ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́ náà.

Tó bá wá hàn pé ẹni tẹ́ ẹ mú ò lè ṣe é mọ́, bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn ẹ̀ tàbí ó ṣàìsàn, ẹ má rọra fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ kó wá lọ rí i nínú gúrúùpù WhatsApp. Ẹ pè é, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣì lè ṣe, ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ yàn. Tó bá ti ra aṣọ, ẹ dá owó ẹ̀ padà fún un láìjẹ́ pé ó béèrè.