Tọkọtaya, gbèsè káàdì àti Chapter 13: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí

Látìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti parí ètò ìsanpadà ọlọ́dún márùn-ún tiwa ní Maryland níbí, lábẹ́ Chapter 13, ìyẹn apá kan nínú òfin bankruptcy Amẹ́ríkà, òfin fún ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè mí sí kọ̀rọ̀ kan láti bèèrè bí a ṣe ṣe é. N kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ gbé ohun tí mo kọ yìí dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń ṣe bankruptcy ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ìbéèrè: Káàdì méje la ní. Kò sí oṣù tí a kì í san, síbẹ̀ gbèsè ò dín. Kí ló dé?

Èlé ni. Bí káàdì kan bá jẹ yín ní $10,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé oṣù kan á tó bíi $200. Tí ẹ bá san $250, $50 péré ló kan gbèsè gan-an.

Ẹ kó gbogbo ìwé káàdì jáde lójú ara yín. Alẹ́ Sátidé kan la kó tiwa sórí tábìlì ìdáná. Ọkọ mi lọ sínú mọ́tò, ó mú ìwé káàdì méjì wá tí n kò mọ̀ pé ó ní. Èmi náà yọ ọ̀kan lábẹ́ aṣọ òkè mi nínú àpótí. A ò jà. Ó ti rẹ̀ wá kọjá ìjà.

Ìbéèrè: Kí ni Chapter 13 yìí ń ṣe gan-an?

Ẹ ó máa san iye kan lóṣooṣù fún trustee, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ètò náà, òun ni yóò máa pín in fún àwọn tí ẹ jẹ lówó. Ọdún 3 sí 5 ni. Kì í ṣe dandan kí ẹ san gbèsè káàdì tán. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, àmọ́ ohun tí àwọn tí ẹ jẹ lówó máa rí gbà kò gbọ́dọ̀ dín sí ohun tí wọn ì bá rí gbà lábẹ́ Chapter 7, apá òfin náà tí wọ́n ti lè ta ohun ìní onígbèsè láti fi san gbèsè. Tí ẹ bá san án parí, kóòtù á pa ìyókù gbèsè káàdì rẹ́.

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń dógò ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Lónìí, fóònù ni wọ́n fi ń dógò. Ọjọ́ tí ẹ bá fáìlì, ìyẹn tí ẹ bá kó ìwé bankruptcy lọ sí kóòtù, ni òfin ti ní kí ìpè yẹn dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 180 ṣáájú kí ẹ tó fáìlì.

Ìbéèrè: Ṣé ká jọ fáìlì ni, àbí kí ọkọ mi nìkan ṣe é?

Orúkọ ta ló wà lórí gbèsè náà? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọkọ yín bá kàn fi orúkọ yín kún káàdì rẹ̀ pé kí ẹ máa ná an, ẹ kì í ṣe onígbèsè báńkì. Tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí i, tàbí tí ẹ ṣe onídùúró fún un, gbèsè ẹ̀yin méjèèjì ni.

Tí ọkọ yín bá fáìlì nìkan, Chapter 13 máa ń dáàbò bo onídùúró nígbà tí ètò náà ń lọ, lórí gbèsè tí ẹ jẹ fún ìlò ara yín àti ìdílé yín, kì í ṣe ti òwò. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò náà kò bá san, báńkì lè padà wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì rò pé owó oṣù tiyín á fara pamọ́: wọ́n máa bèèrè rẹ̀ láti fi ṣírò gbogbo owó tó ń wọlé fún ìdílé yín.

Ilé ńkọ́? Ní Maryland níbí, gbèsè tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà dé ilé tí tọkọtaya jọ ní. Ní Texas àti California, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ní lẹ́yìn ìgbéyàwó ni òfin kà sí ti ẹ̀yin méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ará Houston ní Texas fi lè ṣi ará Bowie ní Maryland níbí lọ́nà. Tí gbèsè bá wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì, ìfáìlì pọ̀ dára: owó kóòtù kan náà, $313, ló máa kárí yín.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ wa ní Ìbàdàn àti owó àjọ ńkọ́?

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ń fáìlì. Àwọn kan máa ń sọ pé kóòtù Amẹ́ríkà kò rí ilẹ̀ nílé. Irọ́ ni. Ibi yòówù tí ohun ìní yín bá wà láyé, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì búra sí fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ má sáré fi ilẹ̀ sórúkọ àbúrò: wọ́n lè wo ẹ̀yìn dé ọdún méjì, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ẹ san padà fún mọ̀lẹ́bí láàárín ọdún kan ṣáájú, wọ́n á bèèrè ìyẹn náà.

Ìbéèrè: Ìdámẹ́wàá ńkọ́?

Látọdún 1998 ni òfin ti gbà á láàyè, tó bá ṣáà ti wà láàárín ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kò sí irú ìwọ̀n yẹn fún owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Màámi nílé. Ẹ múra láti ṣàlàyé rẹ̀ fún trustee.

Ìbéèrè: A ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá dín wákàtí iṣẹ́ ọkọ mi kù. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá. Ọdún kẹta tiwa ni wọ́n dín tèmi kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo pe lọ́yà. Ó kọ̀wé sí kóòtù, wọ́n sì dín owó oṣooṣù wa kù. Ẹni tó bá dákẹ́ ni trustee máa ń ní kí kóòtù da ètò rẹ̀ nù, àwọn báńkì á sì padà dé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ pátápátá, ọ̀nà lè wà láti yí i sí Chapter 7. Ẹ pe lọ́yà yín lónìí, kí ọjọ́ ìsanwó tó kàn tó pé.