Àìsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máásìtì: ṣé ìgbì ló ń fà á?

Ìbéèrè: Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí wọ́n ti ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀yìn ilé wa. Láti ìgbà náà ni oorun ti ń dá lójú mi láago méjì òru. Orí á máa fọ́ mi, tílẹ̀ bá mọ́, inú á máa bí mi sí gbogbo ọmọ ilé. Àwọn aládùúgbò ní ìgbì tó ń jáde lára máásìtì yẹn ni. Ṣé ká kó kúrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ ń díbọ́n. Àìsùn yẹn, òótọ́ ni, ẹ̀fọ́rí yẹn náà, òótọ́ ni. Ohun tó ń fà á ló yẹ ká fojú méjèèjì wá, torí bí ẹ bá náwó kó kúrò nítorí ìgbì, tí kì í wá ṣe ìgbì ló ń ṣe yín, àìsùn yẹn á tẹ̀ lé yín dé ilé tuntun.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá wọn tún máásìtì ṣe. Àwọn pátákó funfun gbọọrọ tí ẹ ń wò lókè rẹ̀ ló ń tú ìgbì jáde, wọn kì í sì í kọjú sí ẹsẹ̀ òpó. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń tan ìgbì sí, bí ẹni dúró sórí òrùlé tó tan tọ́ọ̀ṣì sí òpin àdúgbò. Díẹ̀ ló ń kan ẹni tó wà nísàlẹ̀ gan-an. Ìgbì rédíò ni, kò lè ṣe inú ara bí ìtànṣán X-ray ṣe ń ṣe é. Fóònù tí ẹ gbé sétí ń fi ìgbì kàn yín ju máásìtì lọ, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dáa, torí ibẹ̀ ni fóònù ti máa ń fi agbára kún agbára kó tó rí òpó bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ oorun yìí wò ní Jámánì, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2010. Wọ́n gbé máásìtì alágbèéká lọ sí abúlé mẹ́wàá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì dé. Lálẹ́ kan wọ́n á tàn án, lálẹ́ mìíràn wọ́n á pa á, kò sì sí ará abúlé tó mọ èyí tó jẹ́. Èèyàn 397 ni wọ́n wo oorun wọn. Alẹ́ tó tàn kò yàtọ̀ sí alẹ́ tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ máásìtì ti ń ká lára tẹ́lẹ̀ ò sùn tó àwọn yòókù, ì báà tàn, ì báà kú. Ó jọ pé ẹ̀rù nìkan tó láti lé oorun lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún jí láago méjì, ẹ má tan iná. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ máásìtì? Ẹ fọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé: ṣé ó ń gbọ̀n? Ṣé iná ọgbà wọn ń tàn wọ yàrá? Ohun tí mo bá pàdé jù nìyẹn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà NCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní kí jẹnẹrétọ̀ wọn jìnnà sí ilé tó kéré tán mítà márùn-ún, kí wọ́n sì dín ariwo rẹ̀ kù. Bí wọn ò bá pa á mọ́, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí NCC, kí ẹ kọ sí NESREA náà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká.

Ẹ̀fọ́rí yẹn wá ń kọ mí lóminú. Bí ó bá ń mú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ tí ẹ bá bọ́ síta, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fura sí, ti wọn tàbí tiyín. Nínú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ carbon monoxide wà, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò ṣe é fi dọ̀la.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ní Wi-Fi tó wà ní pálọ̀ ló ń mú kí ara máa ni mí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú?

Ìdáhùn: Ẹ lè dán an wò nínú ilé. Ẹ gé bébà kéékèèké mẹ́rìndínlógún, kí ẹ kọ "tàn" sí mẹ́jọ, "pa" sí mẹ́jọ, kí ẹ ká wọn sínú ife. Ẹlòmíì ni kó máa mú ọ̀kan lálaalẹ́, kó ṣe ohun tí bébà wí, kó kọ ọjọ́ sí i lára, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ò ti lè rí i. Ẹ fi aṣọ dúdú bo iná wínníwínní ara Wi-Fi, kí ẹ pa fóònù yín, kó má baà tú àṣírí. Láàárọ̀, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà tí ẹ sùn, ìgbà tí ẹ jí, bí inú yín ṣe rí, àti èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìndínlógún, ẹ kó bébà síta, kí ẹ gbé e kọjú sí ìwé.

Àbúrò mi obìnrin ṣe é lọ́dún tó kọjá. Alẹ́ kẹfà ló burú jù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó tàn lánàá, mo mọ̀ ọ́n lára." Bébà alẹ́ ọjọ́ náà ní "pa". Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a ka ìwé náà láti òkè wálẹ̀ la rí i pé alẹ́ mẹ́ta tó le jù, ọ̀la rẹ̀ ni yóò san àjọ fáwọn oníàjọ, owó ẹni méjì ò sì tíì pé.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní King's College, London, ní 2006, wọ́n pe èèyàn 60 tó ní fóònù ń fọ́ àwọn lórí, àti 60 mìíràn tí kò ṣe. Orí fọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ lóòótọ́, ó tiẹ̀ pọ̀n dandan kí àwọn kan dáwọ́ dúró, àmọ́ ó ń fọ́ wọn nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán wọn wò kò tú ìgbì kankan jáde náà.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ ń sọ pé kò sóhun tó burú nínú gbígbé fóònù sùn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ gbé e sí yàrá kejì. Láti 1999 ni àwọn onímọ̀ ní Zurich ti rí i pé ìgbì fóònù ń yí iṣẹ́ iná inú ọpọlọ ẹni tó ń sùn padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba oorun lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ló ń gbà á. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2015, àwọn tó ka ìwé lórí tablet lálẹ́, melatonin wọn, ìyẹn èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, pẹ́ ní bíi wákàtí kan ààbọ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n ka ìwé orí bébà lọ. Kí ẹ tún yé jẹ obì lálẹ́. Ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, òun náà ló wà nínú obì.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé àwọn dókítà ń fi òòfà wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wáyà iná ò ní lè da ọkàn èèyàn rú báyìí?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ gbọ́. Láti 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìwòsàn náà. Ṣùgbọ́n orí aláìsàn gan-an ni wọ́n ń gbé òòfà yẹn lé, agbára rẹ̀ sì ń tó bíi tesla kan ààbọ̀ (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà). Èyí tí wáyà ń tú sínú yàrá kì í sábà tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù tesla kan ṣoṣo.

Bí ọkàn yín bá ti rẹ̀wẹ̀sì fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tí ẹ ń jí kí àkùkọ tó kọ tí ẹ ò sì lè sùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá ti ń ṣe yín bíi kí ẹ má sí láyé mọ́, òní ni kí ẹ lọ. Ilé ìwòsàn Aro wà ní Abẹ́òkúta, UCH wà ní Ìbàdàn, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń kọ ìwé oorun tí mo sọ yẹn, ẹ mú un dání. Ìgbà tí ẹ ń sùn àti ìgbà tí ẹ ń jí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.