Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ onílẹ̀ àtijọ́ ní Áyálándì láti inú ìwé ìsìnkú

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí àwa ọmọ Yorùbá ń gbé ní Áyálándì ló dúró sórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti onílẹ̀ ńlá kan rí, orúkọ ẹbí rẹ̀ sì lè ṣì wà lára òpópónà àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí onílẹ̀ náà jẹ́, ikú rẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ikú ló máa jẹ́ kí ẹ rí ìwé ìpíngún, ìwé ìpíngún ló máa dárúkọ àrólé, ọ̀dọ̀ àrólé lẹ ti máa bá ilẹ̀. Àmọ́ ibi tí ilẹ̀ wà, ibi tí onílẹ̀ kú sí àti ibi tí wọ́n sin ín sí lè jẹ́ ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà.

Ẹ wo William Sydney Clements, Earl of Leitrim kẹta (Earl jẹ́ oyè ìdílé ọlọ́lá), tí àwọn ayálẹ̀ rẹ̀ kórìíra nítorí bó ṣe ń lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Ilé rẹ̀, Lough Rynn, wà ní àgbègbè Leitrim, ó sì tún nílẹ̀ ní àgbègbè Donegal. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1878 wọ́n lúgọ dè é, wọ́n sì pa á nítòsí Milford ní Donegal, òun àti akọ̀wé rẹ̀ àti ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Dublin ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, sí ṣọ́ọ̀ṣì St Michan's, èrò sì ya bo pósí náà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó bá ń wá ibojì rẹ̀ ní Leitrim nítorí oyè rẹ̀ yóò wá a tì.

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1864. Orí irishgenealogy.ie lẹ ti máa rí àwòrán ojú ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ikú náà bá ti pé 50 ọdún. Ó máa sọ ọjọ́ ikú, ibi ikú, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ohun tó pa á, àti orúkọ ẹni tó wá fi tó wọn létí. Kò ní sọ orúkọ òbí, kò sì ní sọ ibi ìsìnkú. Àgbègbè tí ènìyàn kú sí ni wọ́n ti kọ ọ́, kì í ṣe àgbègbè ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olóyè, ẹ wá orúkọ ẹbí (Clements), kí ẹ sì tún wá orúkọ oyè (Leitrim), nítorí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó wù ú kọ. Ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ lè fi ọdún bíi mélòó kan yẹ̀, torí ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà ẹ má fi orúkọ nìkan mú ẹnikẹ́ni.

Ikú tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1864, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, níbí sì ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Láti 1704 ni òfin ti dí àwọn Kátólíìkì lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀, wọn kò sì tú u títí di nǹkan bí 1782, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ ńlá fi jẹ́ ọmọ Church of Ireland, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀. Ìjọ yìí máa ń kọ ìsìnkú sílẹ̀ dáadáa: orúkọ, ibùgbé, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ orí, ìfọwọ́sí àlùfáà. Ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ni ọjọ́ ikú o. Òkú tí wọ́n gbé wá láti London lè pẹ́ lọ́nà gan-an. Bí ìwé náà bá ti pẹ́ ju 1752 lọ, ẹ rántí pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà: òkú oṣù Kejì tí wọ́n kọ 1740 sí lára, 1741 ni lójú tiwa.

Àwọn àlùfáà Kátólíìkì kì í sábà kọ ìsìnkú sílẹ̀; ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ló kún inú ìwé wọn, tí ilé ìkàwé ìjọba gbé sórí registers.nli.ie. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ń sin ọ̀pọ̀ Kátólíìkì sí kí itẹ́ òkú Glasnevin tó ṣí ní Dublin ní 1832, nítorí náà ẹ wo ìwé ìjọ méjèèjì.

Ohun tó ń dun gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni iná tó jó ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Four Courts, Dublin, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1922, nínú ogun abẹ́lé. Ó ju ìdajì ìwé ìjọ Áńgílíkà lọ tó jóná, pẹ̀lú àwọn ìwé ìpíngún. Kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbìkíbi, ẹ wo àkójọ tí Representative Church Body Library, ilé ìkàwé ìjọ Áńgílíkà náà, gbé jáde: ó sọ ìwé párísì wo ló kù, èyí tó jóná, àti ibi tí èyí tó kù wà. Bí ti párísì yín bá jóná, ẹ yíjú sí òkúta ibojì. Láàárín 1888 sí 1934, ẹgbẹ́ kan ń tẹ ohun tí wọ́n kà lára òkúta káàkiri orílẹ̀-èdè náà jáde nínú ìwé ọdọọdún, ọ̀pọ̀ òkúta tó ti parẹ́ báyìí ṣì wà nínú rẹ̀. Ìròyìn ikú nínú ìwé ìròyìn náà ń ṣèrànwọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ikú bá ti dájú, ẹ lọ sí àkójọ ìsọníṣókí ìwé ìpíngún tí National Archives ní láti 1858; òun kò bá àwọn ìwé ìpíngún jóná. Ó kúrú, ó sì wúlò gan-an: ọjọ́ àti ibi ikú, orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ gbé ohun ìní lé lọ́wọ́, àti iye owó. Ẹ má fi iye yẹn díwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀, kì í sábà ka ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì rò pé ẹni tó jẹ oyè ló jogún ilẹ̀: oyè William Clements tí a sọ lókè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ arákùnrin rẹ̀, àmọ́ ìbátan mìíràn ló ni Lough Rynn.

Fún ilẹ̀ gan-an, Griffith's Valuation (1847 sí 1864), ìwé tí ìjọba fi díye lé ilẹ̀ àti ilé, ni kí ẹ ṣí, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí askaboutireland.ie. Orúkọ tó wà lábẹ́ "Immediate Lessor" ni ẹni tí ayálẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ẹni tó yá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílẹ̀, tó tún fi yá ẹlòmíràn; ibi tí wọ́n bá kọ "In fee" sí ni ti onílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìyàn ńlá, láti 1849, ilé ẹjọ́ kan ta ilẹ̀ ọ̀pọ̀ onílẹ̀ tó jẹ gbèsè. Nítorí náà ẹbí tó wà nínú ibojì ńlá ìlú lè má jẹ́ ẹbí tó wà nínú Griffith.

Ẹ má fojú fo apá kan tó kàn wá. Àwọn onílẹ̀ Áyálándì kan jẹ́ olówó ẹrú. Marquess of Sligo kejì, onílé Westport ní Mayo, jogún oko ẹrú ní Jamaica. University College London ti to orúkọ àwọn olówó ẹrú tó gba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹrú tí wọ́n tú sílẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ onílẹ̀ yín wò níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibojì, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí ṣọ́ọ̀kì kan òkúta. Ó ń bà á jẹ́, òfin sì dáàbò bo ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú àtijọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, òjìji máa gbé lẹ́tà jáde. "Relict" túmọ̀ sí opó. Ẹ ya àwòrán òkúta tó wà lọ́tùn-ún àti lósì náà, ìyàwó àti ọmọ sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí òkúta níta, ẹ bẹ àlùfáà kí ẹ wo inú ṣọ́ọ̀ṣì: abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sí, pátákó mábù tó wà lára ògiri ló sì ń sọ tiwọn.