Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ń rí yín fín ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínísì

Ẹ má dúró de èébú o. Ẹni tó bá gbọ́ "shut up" ti mọ̀ pé wọ́n bú òun, èyí tó le láti dá mọ̀ ni àrífín tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn wé.

Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọn ò sọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó máa ń sọ "please" àti "could you" fún gbogbo ayé, tó wá ṣàdédé kọ "Send it today" sí yín, inú ẹ̀ ò dùn sí yín. Ẹ tún gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa, torí "thanks a lot" lè jẹ́ ọpẹ́, àmọ́ tó bá fa "lot" yẹn gùn tó sì lejú, bú ló ń bú yín. "With all due respect" ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Onímọ̀ èdè kan, Jonathan Culpeper, ka ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà rí èèyàn fín ní 1996, àpọ́nlé ẹ̀tàn yìí wà níbẹ̀, kéèyàn dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti dúpẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ṣáínísì ló gba sùúrù jù. "Nín" dà bí "ẹ" tiwa, "nǐ" dà bí "o", àmọ́ ẹ má torí "nǐ" bínú, òun ni wọ́n ń lò jù, àwọn ará gúúsù Ṣáínà ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ lo "nín." Ìyípadà ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọ̀rẹ́ tó ti ń pè yín ní "nǐ" láti ọjọ́ yìí, tó wá bọ́ sí "nín" nígbà tẹ́ ẹ ń jà, kò bọ̀wọ̀ fún yín o, ó ń sọ yín di àjèjì ni. Olùkọ́ tó ń jẹ́ Wáng, "Wáng lǎoshī," ìyẹn Olùkọ́ Wáng, ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá pe orúkọ ẹ̀ lásán lójú ẹ̀ ti gbá a lójú. "Bù yào liǎn," ìyẹn aláìnítìjú, ẹ má sọ ọ́ sẹ́nikẹ́ni, ó ń dun èèyàn wọra. Nọ́ńbà 250 pàápàá, "èrbǎiwǔ," òmùgọ̀ ló túmọ̀ sí tí wọ́n bá fi pe èèyàn.

Lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra fún "hēhē." Mo kọ ọ́ sí ẹni tó ń kọ́ mi rí, mo rò pé ẹ̀rín ni, kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú, ó dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ̀ pé ó ti di "mo ti gbọ́, ó tó" létí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀rín gidi ni "hāhā."