Ọmọ yín ń kàwé ni àbí orin ló ń kọ?

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o. Praimári wan ni mo ń kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń ka ìwé Yorùbá wa bí ẹni ń mumi, ìyá ẹ̀ ti ń yangàn káàkiri àdúgbò. Lọ́jọ́ kan mo kàn dorí ìwé ọ̀hún kodò, ọmọ ṣì ń kà á lọ geere! Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá lojú wá ń tì mí, torí èmi náà ni mo fún wọn lórin, mo ń dá, wọ́n ń gbè.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀nà tó wà. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ká gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ sókè kọ́mọ pè é lódindi. Ó yá lójú, àmọ́ ẹ gbé àwòrán ilé sókè ní Èkìtì kẹ́ ẹ gbọ́, "ulé" ni wọ́n máa pariwo! Wọn ò ṣì í o, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé nìyẹn, ó kàn fi hàn pé àwòrán ni wọ́n ń wò, ẹnì kankan ò wo "i" tó wà níwájú.

Èyí tó tún wà ni ká máa pe orúkọ lẹ́tà, "sí, é, tí, cat." Ẹ gbọ́ ná, báwo ni sí, é, tí ṣe fẹ́ di cat? Ìdí nìyẹn tí phonics fi ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà dípò orúkọ ẹ̀, Jolly Phonics fún àpẹẹrẹ, s, a, t, i, p, n ló fi ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ tọ́mọ lè tò jọ látinú mẹ́fà yẹn.

Fún Yorùbá, sílébù ni tèmi, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tá a ń pè lẹ́ẹ̀kan, bíi "ba". Kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù wa, kì í sì í so mọ́ra wọn bíi "str" òyìnbó, ká má pín gb sí méjì ṣáà, lẹ́tà kan ni. Ẹ mú b, ẹ so ó mọ́ fáwẹ́lì méjèèje: ba be bẹ bi bo bọ bu. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ mú d, ẹ ti ní baba, adé, dúdú àti ìdí nìyẹn. Ẹ má fi àmì ohùn sílẹ̀ di praimári tú o, àtìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ ṣe dò re mí, ọwọ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Igbá, igba, ìgbà, ìgbá, igbà: ọmọ tó bá mọ márùn-ún yìí yàtọ̀ síra, ó ti ń kàwé nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọn ò rí rí sórí páálí Indomie, kí márùn-ún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀ rárá, bíi "bẹ̀dubá". Ẹ pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù wà níta, ẹ kọ iye tó gbà sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bẹ́ ẹ bá ní kíláàsì méjì, ẹ lo ọ̀nà kan fún A, òmíì fún B, àmọ́ ẹ má kó àwọn olórí pípé sójú kan o. Ní England, láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, ọ̀rọ̀ 40 lọmọ máa kà, 20 nínú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi.

Àwọn òbí kan máa ní Yorùbá máa ba òyìnbó ọmọ jẹ́. Rárá o. Láti 1970 ni University of Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, òyìnbó wọn ò bàjẹ́. Tó bá wá kan òyìnbó, ẹ lo phonics, ẹ fi wò-ó-kó-o-pè-é, ìyẹn pípe ọ̀rọ̀ lódindi, sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ olóríkunkun tí ìró lẹ́tà wọn ò bá bá a ṣe ń pè wọ́n mu, bíi "one" àti "said".

Ọmọ tó ń ka ìwé lódìkejì yẹn? Ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò fàmì sí lára ògiri kan lójú ọ̀nà Adó, "E ma gbe oko sibi o", ó ní, "Tíṣà, báwo lèèyàn ṣe ń gbé oko?"