Ọjà ẹja ní Tokyo: ẹ tètè jí o

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń múra àtilọ sí Japan. Tí ẹ bá fẹ́ wo ọjà ẹja Tokyo, ẹ má kàn sáré lọ sí Tsukiji, ibi tí ọjà náà wà tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n ti kó àwọn alágbàtà lọ sí Toyosu, ibi tí ọjà tuntun wà. Àwọn ìsọ̀ kéékèèké àti ilé oúnjẹ ló kù ní Tsukiji, ọ̀pọ̀ wọn sì ti máa ń palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni gbàǹjo ẹja tuna máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Toyosu. Òkè, lẹ́yìn gíláàsì, lẹ ó ti máa wòran. Wọn kì í ná ọjà náà lọ́jọ́ Àìkú, àti ọ̀pọ̀ Ọjọ́rú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà ná ní Igbókòdá àti Ọjà Ọba Àkúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yẹn sílẹ̀ nílé. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ni. Ẹ má sì ṣí ìjàgbọ̀n ẹja wò bóyá ó ṣì tutù. Èmi dán an wò, bàbá oníṣọ́ọ̀bù wò mí, mo sì rọra kó ọwọ́ mi sápò.

Ẹ mú owó lọ́wọ́, káàdì nìkan kò tó.