Ẹ Má Tíì Yọ Ọkọ̀ Eré Ìje Yín Lójú Títì

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni àṣìṣe tó burú jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbé ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ sí pápá eré ìje ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ara ti gbóná, ó wá ku kí wọ́n jó àgò irin, àwọn òpó tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá yí, mọ́ inú rẹ̀. Ní pápá, àṣíborí wà lórí yín, bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà sì dè yín mọ́ ìjókòó. Lójú títì, orí lásán lẹ fi ń wakọ̀. Bí ẹnìkan bá rọ́ lù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eré rẹ̀ kò tiẹ̀ tó nǹkan, òpó irin tó wà lẹ́bàá etí yín ni agbárí ń lọ bá. Fóòmù líle tí wọ́n ń wé mọ́ òpó náà, orí tó dé àṣíborí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má ṣe àgò odindi sínú ọkọ̀ tí ẹ ṣì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìdajì àgò, èyí tó mọ sẹ́yìn ìjókòó iwájú, sàn díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá ní jókòó lẹ́yìn.

Ẹ má sì gé bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá dànù. Ẹni tí okùn mẹ́fà dè mọ́ ìjókòó kò lè nà síwájú yọjú ní oríta.

Páàdì bíréèkì ńkọ́? Ti pápá máa ń fẹ́ gbóná dáadáa kó tó di nǹkan mú. Láàárọ̀ kùtù, níwájú ọmọ tó ń sọdá, ẹ ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò ná. Táyà tí kò ní ojú rárá kò bófin títì mu. Èyí tó ní ojú díẹ̀ bófin mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àgbàrá, omi kì í tètè ríbi gbà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe tèmi. Mo yọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sí gíláàsì iwájú, torí kílò mélòó kan péré. Òjò àkọ́kọ́ tó ká mi mọ́ ojú títì, ọwọ́ kan wà lórí sítíárìn, ọwọ́ kejì ń fi àkísà nu gíláàsì.

Àwọn mìíràn á ní kò burú, ẹ jẹ́ ká kúkú jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ kú, kó di ti pápá nìkan. Ẹ rọra. Nordschleife ní pápá eré ìje Nürburgring ní Jámánì, ojú ọ̀nà kìlómítà 20.8 tí gbogbo ayé ń lálàá rẹ̀, òfin títì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìlú. Ọkọ̀ tí kò bófin títì mu kò ní wọlé. Ẹni tó bá sì ti yọ kátálíìsì (ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́) àti airbag kò ní rọrùn fún láti gba ìwé padà.

Ìwé ìbánigbófò pàápàá, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: ọ̀pọ̀ ni kì í san kọ́bọ̀ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápá, àwọn kan á sì yarí lójú títì náà bí ẹ kò bá sọ ohun tí ẹ pààrọ̀ lára ọkọ̀ fún wọn.

Ọkọ̀ tí kò rin títì mọ́, gbígbé ni ẹ ó máa gbé e. Tíréla ń gba owó, ọkọ̀ tí yóò fà á ń gba owó, ibi tí méjèèjì yóò sùn tún ńkọ́? Bí mẹkáníìkì bá sì dè é tán, ẹ kò lè yí àdúgbò po láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún. Kí ẹ tó pinnu, ẹ mú okùn ìwọ̀n, ẹ wọn ẹnu géètì yín.